Títí Ó Fi Kọjá

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́sàn-án kò tíì lù,
mo ti dúró sẹ́nu ọ̀nà àgọ́ ọlọ́pàá Cutler's Bend,
yìnyín ń yọ́ lára bàtà mi, ó ń kán tó, tó, tó.
Obìnrin tó wà lẹ́yìn gíláàsì, Lorna Teague lorúkọ tó lẹ̀ máyà,
ti fọ́ọ̀mù kan sí mi láti abẹ́ ihò.
"Kọ ọjọ́ rẹ̀. Kọ àdúgbò. Kọ orúkọ ẹni tí wọ́n mú.
Má wulẹ̀ kọ ìdí. Òfin ò ní ká bi yín nídìí."
Mo kọ ọ́: Anselm Brodzki, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin,
ìkóríta Òpópónà Kẹrin, níbi tí ojú irin wà tẹ́lẹ̀.
Mo fẹ́ kọ "bàbá mi" sí i.
Kò sí àyè fún un.

Ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá, Lorna ló wí bẹ́ẹ̀,
sẹ́ńtì márùndínlọ́gbọ̀n lórí ojú ewé kan.

Kí ó tó pé, mo gba ilé ìkàwé lọ,
mo ń ṣa òfin ìlú bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì.
Orí kẹsàn-án, abala kejìlá: ìwà rúdurùdu.
Ẹni tó bá pariwo ju bó ti yẹ lọ.
Ẹni tó bá ń wá ìjà níta gbangba.
Ẹni tó bá dínà mọ́ ọkọ̀ tàbí ẹlẹ́sẹ̀
láìní ìdí tó bófin mu.
Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ka ìkẹta yẹn.
Ta ní ń wọn ìdí? Òṣùwọ̀n ta ni wọ́n ń lò?
Gbogbo ọ̀nà tí bàbá mi dí láyé rẹ̀ ló nídìí:
ọdún mẹ́rìndínlógójì ló fi di àsíá pupa mú, tòun ti fìtílà,
níbi tí reluwé ti ń ré títì kọjá,
ọkọ̀ á dúró, kẹ̀kẹ́ á dúró, ọmọ iléèwé á dúró,
kò sẹ́ni tó bi í pé kí ló dé.
Ọdún tí mo ṣègbéyàwó ni wọ́n hú irin náà,
wọ́n da ọ̀dà lé e lórí.
Ó jọ pé kò sẹ́ni tó sọ fún un kó yé e.

Ìwé dé. Ojú ewé mẹ́ta. Sẹ́ńtì márùndínlọ́gọ́rin.
Yíǹkì dúdú ti gbé orúkọ ẹni tó pe ọlọ́pàá mì,
àmọ́ wọ́n gbàgbé láti pa "àwọn ajá mi ò jẹ́ n sùn" rẹ́.
Ajá mẹ́ta ló wà ládùúgbò wa,
Hollis Granger ló sì ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.
Mo bú sẹ́rìn-ín nínú ọkọ̀. Ẹ̀rín náà ò pẹ́.

Ojú ewé kejì, ọlọ́pàá Whitcomb, lẹ́tà rẹ̀ rí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́:
"Aago mẹ́ta òru ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bàbá àgbàlagbà,
aṣọ àwọ̀sùn, bàtà ẹsẹ̀ kan péré.
Ó gbé iná tọ́ọ̀ṣì sókè, ó ń kígbe pé kí gbogbo ayé dúró.
Mo ní kò sí ọkọ̀ kankan. Ó ní ti òru ló ń bọ̀ yẹn.
Mo ní kò sí reluwé mọ́ níbí.
Ó ní, ọmọ, bọ́ sẹ́yìn.
Mo bọ́ sẹ́yìn.
A dúró títí ó fi kọjá."

Lẹ́yìn ìyẹn ló wá kọ iye owó ìtanràn.

Ọjọ́bọ̀ là ń lọ sí kóòtù. Mo ti fi rúlà fàlà sábẹ́ ibẹ̀,
pẹ́ńsù ni mo lò, kí wọ́n má baà ní mo ba ìwé ìjọba jẹ́.
Adájọ́ ni mo fẹ́ bi: bí ọlọ́pàá bá dúró títí ó fi kọjá,
kí ló kọjá?

Nígbà tí mo délé, bàbá wà nídìí fèrèsé,
ọbẹ̀ rẹ̀ ti tutù, ṣíbí ò kúrò lójú kan.
"Òpópónà Kẹrin lo gbà?"
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.
"Ṣé o wo ọ̀tún, o wo òsì?"
Mo wò ó, bàbá.
Mo wò ó dáadáa.